Ọkọ̀ Abẹ́-omi U-505: Ibi tí Èéfín Ń Gbà, Ọ̀rọ̀ Orí Burúkú, àti Ìtàn tí Bàbá Yín Sọ

Arábìnrin kan tí ó ń gbé ní ìlú Chicago ni ó fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: “Bàbá Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ mi mú mi lọ wo ọkọ̀ abẹ́-omi tí àwọn Jámánì fi ja ogun Hítílà, èyí tí wọ́n ń pè ní U-505, tí ó wà ní ilé àkójọ ohun ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì níbí. Nígbà tí a wọ inú rẹ̀, ohun tí mo rí kò yé mi. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì méjì ràgàjì ni ó wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wà lábẹ́ omi, níbo ni èéfín ń gbà jáde? Ẹ̀ẹ̀kejì, ọmọkùnrin mi ní òun kà á níbì kan pé olóríburúkú ọkọ̀ ni, pé èpè ń jà á. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀kẹta, bàbá mi tí a bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń sọ fún wa pé àwọn Jámánì gba abẹ́ omi wá sí Èkó nígbà ogun, a sì máa ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Àbí ọkọ̀ yìí ni bàbá mi ń sọ?”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ arábìnrin wa. Ó rò pé ìbéèrè mẹ́ta ni òun bi mí, ṣùgbọ́n bí mo ṣe yẹ̀ wọ́n wò, mo rí i pé orí ti àkọ́kọ́ ni àwọn méjì yòókù jókòó lé. Ẹni tí ó bá ti mọ ibi tí èéfín ń gbà yóò mọ ìdí tí ojú ọkọ̀ náà fi rí màbo, yóò sì mọ bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè yọ́ dé ẹnu ọ̀nà Èkó. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ ìwọ̀n mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n n kò ṣe ọmọ ogun rí, n kò sì fi ọkọ̀ abẹ́-omi rìn rí. Ohun tí mo bá sọ nípa ogun náà, ìwé ni mo ti kà á. Ohun tí mo bá sọ nípa dísẹ̀lì, ọwọ́ mi méjèèjì ni ó kọ́ mi.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé a rò pé ọkọ̀ abẹ́-omi ayé ìgbà náà ń gbé abẹ́ omi bí ẹja. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ojú omi ni ó ń gbé. Abẹ́ omi ni ó ń sá pamọ́ sí. Ó jọ ọ̀nì ju ẹja lọ, nítorí pé bí ọ̀nì ti wulẹ̀ kí ó pẹ́ nísàlẹ̀ tó, imú rẹ̀ yóò yọ sókè lọ́jọ́ alẹ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kì í jẹ epo nìkan. Afẹ́fẹ́ tí ó ń fà sínú pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ju epo tí ó ń jó lọ, bí a bá sì gba afẹ́fẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kíákíá ni yóò kú. Méjì tí ẹ rí nínú U-505, ilé iṣẹ́ MAN ti Jámánì ni ó ṣe wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sílíńdà mẹ́sàn-án, agbára àwọn méjèèjì sì tó 4,400 agbára ẹṣin. Bí ẹ bá tan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú irin gbọọrọ tí a ti gbogbo ihò rẹ̀ pa, kò ní pẹ́ tí yóò fi fa afẹ́fẹ́ kúrò ní imú àwọn ènìyàn tí ó wà níbẹ̀, èéfín yóò sì parí èyí tí ó kù. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa ìdílé tí ó tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru, tí ilẹ̀ kò sì mọ́ bá wọn. Nítorí náà, ìdáhùn ìbéèrè yín kúrú: èéfín kì í gba ibì kankan jáde lábẹ́ omi, nítorí pé ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì náà kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi. Wọn a pa á kí ọkọ̀ tó rì, wọn a sì dé ihò tí ó ń gbà mí.

Kí ni ó wá ń wa ọkọ̀ nísàlẹ̀? Bátìrì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Nàìjíríà rí kò ní pẹ́ lóye èyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà náà ni. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú omi, dísẹ̀lì ń yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀, ó sì tún ń fi iná sínú bátìrì tí wọ́n tò sábẹ́ pákó ìtẹ̀lẹ̀. Bí ẹ bá rántí dáadáa, lẹ́yìn yàrá dísẹ̀lì ni yàrá kékeré kan wà tí mọ́tò iná méjì wà nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì sábà máa ń sáré kọjá níbẹ̀ nítorí pé wọn kò tóbi lójú. Agbára àwọn mọ́tò náà jẹ́ 1,000 agbára ẹṣin péré. Ọ̀pá irin kan náà ni ó so dísẹ̀lì, mọ́tò iná àti abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ pọ̀, tí ìsopọ̀ kan tí a lè tú sì wà láàárín. Bí a bá tú dísẹ̀lì kúrò lára ọ̀pá náà, mọ́tò yóò máa jẹ iná bátìrì, yóò sì máa wa ọkọ̀. Bí a bá so dísẹ̀lì mọ́ ọn padà, tí dísẹ̀lì sì ń yí i, mọ́tò kan náà yóò di ẹ̀rọ tí ń pọn iná. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé yóò gba ọkọ̀ náà là níwájú, lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí kò sí ẹni tí ó retí wọn.

Ohun tí ìṣirò rẹ̀ wá sọ ni pé, lójú omi, U-505 lè rin nǹkan bí 13,450 máìlì ojú òkun láì tún gba epo, bí kò bá ju nọ́ọ̀tì mẹ́wàá lọ (nọ́ọ̀tì kan ni máìlì ojú òkun kan ní wákàtí kan). Lábẹ́ omi, bátìrì rẹ̀ kò gbé e ju nǹkan bí 63 máìlì lọ, ní nọ́ọ̀tì mẹ́rin, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìrìn ẹni tí ó ń kánjú lọ sọ́jà. Gbogbo ìrìn abẹ́ omi rẹ̀ kò tó ọ̀nà mọ́tò láti Èkó dé Ìbàdàn. Bí ó bá sì sáré, tí ó tó nọ́ọ̀tì méje, bátìrì yóò tán kí wákàtí tó lọ jìnnà. Lẹ́yìn náà, ó di dandan kí ó yọrí sókè, kí ó tan dísẹ̀lì fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ariwo àti èéfín rẹ̀ máa sọ fún ayé pé òun nìyí. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, òkùnkùn òru tó láti bo èyí. Nígbà tí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ráádà, ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì rédíò wá ohun tí ojú kò rí, òkùnkùn kò bo nǹkan kan mọ́. Nígbà tí ó yá, àwọn Jámánì so ọ̀pá ìmí gígùn kan mọ́ àwọn ọkọ̀ wọn kan, kí dísẹ̀lì lè máa fa afẹ́fẹ́ nígbà tí ara ọkọ̀ wà lábẹ́ omi, ṣùgbọ́n U-505 kò ní irú rẹ̀.

Ìlú Hamburg ni wọ́n ti kàn án, ní ilé ìkànkọ̀ Deutsche Werft. Oṣù Èbìbí 1941 ni wọ́n tì í sómi, ó sì wọ iṣẹ́ ogun ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún náà, lábẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Axel-Olaf Loewe. Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 76, ihò tí ó fi ń ta tọ̀pídò, bọ́ǹbù gbọọrọ tí ń fi ẹ̀rọ rìn lábẹ́ omi, mẹ́rin wà ní imú rẹ̀, méjì wà ní ìdí, ó sì ń ru tọ̀pídò 22. Irú rẹ̀ ni wọ́n kàn fún ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe fún ìtòsí Ìlú Ọba, ìdí sì nìyí tí ó fi jẹ́ pé etí òkun Áfíríkà ni ìrìn ọdẹ rẹ̀ gidi àkọ́kọ́ já sí. Èbúté Lorient ní ilẹ̀ Faransé, tí Jámánì ti gbà nígbà náà, ni ó fi ṣe ilé. Ní oṣù Èrèlé 1942 ó kúrò níbẹ̀, ó forí lé Freetown, ní Sàró ti àwọn baba wa. Freetown ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó ọkọ̀ jọ kí wọ́n tó sìn wọ́n gba òkun Àtìláńtíìkì kọjá, nítorí náà ibi tí ẹran pọ̀ sí ni ọdẹ náà lọ. Ó ri Benmohr ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 5 oṣù Ẹrẹ́nà, ó ri Sydhav, ọkọ̀ epo ti Nọ́wè, ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ 3 oṣù Igbe ó ta West Irmo ti Amẹ́ríkà ní tọ̀pídò. Ènìyàn mẹ́wàá ni ó kú nínú ọkọ̀ yẹn, wọ́n sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ọmọ Áfíríkà tí ọkọ̀ náà gbà láti máa kó ẹrù. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e, Alphacca ti àwọn Dutch tẹ̀ lé wọn lọ sísàlẹ̀. Bí a bá ń ka ìtàn àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, a máa ń gbọ́ orúkọ àwọn ọ̀gá ọkọ̀, a kì í sábà gbọ́ ti àwọn tí wọ́n sùn sí orí ihò ẹrù. Ìdí nìyí tí mo fi dárúkọ West Irmo.

Ìrìn ọdẹ tí ó tẹ̀ lé e gbé e lọ sí òkun Kàríbíánì, níbi tí ó ti ri ọkọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Sea Thrush àti Thomas McKean, ní ìparí oṣù Òkúdu 1942. Ní oṣù Agẹmọ ó fi ìbọn orí ọkọ̀ ri ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan tí ó jẹ́ ti Kòlóńbíà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èpè tí ọmọ yín kà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn atukọ̀, láti ìgbà láéláé, ẹ̀rù máa ń ba ènìyàn láti pa ọkọ̀ ìgbòkun, àwọn ọmọ inú U-505 sì gbà pé láti ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀ ti yí padà fún wọn. Ara Loewe kò yá, inú ni ó ń run ún, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n sì fi ọ̀dọ́ ọ̀gá kan, Peter Zschech, rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Owewe.

Ẹ jẹ́ ká wo bóyá èpè ni. Ọkọ̀ mẹ́jọ ni U-505 rì ní gbogbo ayé rẹ̀, àpapọ̀ ìwọ̀n wọn sì tó 45,000 tọ́ọ̀nù. Méje nínú wọn, lábẹ́ Loewe ni. Ẹ̀kẹjọ, Ocean Justice, ni Zschech rì ní ọjọ́ 7 oṣù Belu 1942, lẹ́yìn èyí kò tún sí nǹkan kan mọ́. Lójú ẹni tí ó bá ń wá èpè, ẹ̀rí ti dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn Ocean Justice, nítòsí Trinidad. Ọkọ̀ náà wà lójú omi lójú ọ̀sán, bàálù Hudson kan ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì já lé e lórí láti inú ìkùukùu, ó sì fò wálẹ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí bọ́ǹbù rẹ̀ fi bú mọ́ orí ọkọ̀ gan-an. Ìbúgbàù náà fọ́ bàálù fúnra rẹ̀, gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ní ti U-505, ìbọn kan fò kúrò lórí rẹ̀ sínú òkun, omi ń wọlé, ẹ̀rọ tí ń fa omi dànù ti bàjẹ́. Zschech pàṣẹ pé kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀. Àwọn ará yàrá ẹ́ńjìnnì, tí Otto Fricke ṣáájú wọn, kọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ náà ṣì lè yè. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ra kí ó tó tún lè rì sábẹ́ omi dáadáa, ó sì rọra fa ẹsẹ̀ dé Lorient ní oṣù Ọ̀pẹ. Àwọn òpìtàn sábà máa ń kà á sí ọkọ̀ abẹ́-omi Jámánì tí ó bàjẹ́ jù tí ó sì tún padà délé. Ẹ jọ̀wọ́, irú orí wo ni à ń pe èyí? Ibi tí àwọn ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rì pẹ̀lú gbogbo ènìyàn inú wọn, òun padà wálé. Bí mo bá jẹ́ adífá, n kò ní pè é ní orí burúkú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ọ̀gá ẹ́ńjìnnì ni mo wà, ẹ sì lè yọ ìdajì nínú ìyìn mi.

Odidi oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi tún un ṣe. Lẹ́yìn èyí ni ọdún 1943 wá di ọdún ìtìjú. Ó ń jáde, ó ń padà, ó ń jáde, ó ń padà. Lẹ́ẹ̀kan tí ó jáde, epo ń sun lẹ́yìn rẹ̀ lójú omi bí ipa ìgbín, wọ́n sì rí i pé ẹnì kan ti lu ihò tí kò ju pẹ́ńsù lọ sára táǹkì epo. Àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń fipá mú ṣiṣẹ́ fún Jámánì ní èbúté ni ó wà nídìí rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń jó irin pọ̀ lọ́nà tí yóò fi tú lábẹ́ omi. Ohun tí àwọn atukọ̀ pè ní èpè, ọwọ́ ènìyàn ni, ẹni tí a gba ilẹ̀ rẹ̀ tí ó sì ń fi irinṣẹ́ rẹ̀ jà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Zschech ní Lorient sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ni ó dá gbogbo ènìyàn lójú pé yóò padà wálé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀wàrà 1943, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń rọ̀jò àgbá bọ́ǹbù tí ń bú lábẹ́ omi lé wọn lórí, Zschech yìnbọn fún ara rẹ̀ lójú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Igbákejì rẹ̀, Paul Meyer, gba ọkọ̀ náà, ó fara da ìyókù bọ́ǹbù, ó sì mú wọn délé. Ohun tí ó wà lọ́kàn Zschech, kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wà nínú yàrá irin rí tí ẹ̀rọ kùnà, tí ènìyàn ń lágùn, tí kò sì sí ibi tí a lè sá lọ, kò ní yára dá a lẹ́jọ́. Lójú tèmi, ìdí mẹ́ta ni ìyà ọkọ̀ náà ní: ráádà àti bàálù tí ó sọ ojú omi di ibi ewu, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Faransé, àti ọ̀gá tí iṣẹ́ náà wúwo jù fún. Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, àkọ́kọ́ ni n ó mú, nítorí pé kì í ṣe U-505 nìkan ni ó kàn. Nínú nǹkan bí 40,000 ọmọ ogun abẹ́-omi Jámánì, nǹkan bí 30,000 ni kò padà wálé.

Ọ̀gá kẹta ni Harald Lange, àgbàlagbà díẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní ìparí ọdún 1943 ó yọ àwọn ọmọ ogun Jámánì 34 nínú omi, lẹ́yìn tí ọkọ̀ wọn, T25, rì, ó sì gbé wọn dé Brest, èbúté mìíràn ní ilẹ̀ Faransé. Láti Brest ni ó ti gbéra ní oṣù Ẹrẹ́nà 1944 sí etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Oṣù méjì àti ààbọ̀ ni ó fi ń rìn kiri, kò rí ọkọ̀ kan ṣoṣo pa. Ohun tí Lange kò mọ̀ ni pé àwọn ọ̀tá ti ń ka àrokò tí ọkọ̀ rẹ̀ àti olú-iléeṣẹ́ wọn ń fi ránṣẹ́ lórí rédíò. Ẹgbẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, tí Daniel Gallery jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ti ń dọdẹ rẹ̀: ọkọ̀ agbébàálù Guadalcanal àti ọkọ̀ ogun kéékèèké márùn-ún tí ń sìn ín. Wo bí ìṣirò bátìrì ṣe padà wá níbí. Bàálù Guadalcanal ń fò tọ̀sán-tòru, ọkọ̀ tí ó bá sì yọrí sókè láti fi iná sí bátìrì ni wọ́n ń retí. Kò sí bí ọ̀nì ṣe fẹ́ mí.

Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ 4 oṣù Òkúdu 1944, ẹ̀rọ agbóhùn abẹ́ omi inú Chatelain, ọ̀kan nínú ọkọ̀ márùn-ún náà, gbọ́ ọ. Àwọn awakọ̀ bàálù rí òjìji rẹ̀ lábẹ́ omi láti òkè, wọ́n sì ń yìnbọn sí ojú omi láti tọ́ka ibi tí ó wà. Chatelain da àgbá bọ́ǹbù lé e, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni U-505 yọ sókè, tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ há sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó fi ń yí po bí ajá tí ń lé ìrù rẹ̀. Lange fara gbọgbẹ́, ó pàṣẹ kí gbogbo ènìyàn bọ́ sómi. Nínú ènìyàn 59, ẹnì kan ṣoṣo ni ó kú. Wọ́n ti ṣí ihò omi kan sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè rì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kánjú, wọn kò pa àwọn mọ́tò iná, wọn kò sì tan bọ́ǹbù tí wọ́n fi ń fọ́ ọkọ̀. Albert David kó àwọn ọmọ ogun mélòó kan láti inú Pillsbury, òmíràn nínú ọkọ̀ márùn-ún náà, sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọ́n lé e bá, wọ́n fò sí orí rẹ̀, wọ́n sì wọlé láì mọ̀ bóyá ènìyàn ṣì wà nínú tàbí bọ́ǹbù. Ọ̀kan nínú wọn, Zenon Lukosz, ni ó rí ìdérí ihò omi náà tí ó sì dé e padà. Wọ́n fi oyè akọni tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá David lọ́lá, ṣùgbọ́n ó kú ní 1945 kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn náà nìyí, ẹ ó sì jọ̀wọ́ fún mi láyè. Ọkọ̀ náà ti mumi yó, ìdí rẹ̀ ti rì sínú omi, Guadalcanal sì ń fi okùn fà á. Ọ̀gá ẹ́ńjìnnì Guadalcanal, Earl Trosino, rá wọ inú rẹ̀, ó lọ sábẹ́ àwọn pákó tí epo àti omi bò, ó ń tọ páìpù kan dé òmíràn títí ó fi mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, nínú ọkọ̀ tí kò tíì wọ irú rẹ̀ rí, tí wọ́n fi èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ kọ gbogbo nǹkan tí ó wà níbẹ̀. Ó kíyè sí i pé bí wọ́n bá tú dísẹ̀lì kúrò lára ọ̀pá irin, omi òkun fúnra rẹ̀ yóò máa yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á lọ, abẹ̀bẹ̀ yóò yí mọ́tò, mọ́tò yóò sì di ẹ̀rọ tí ń pọn iná. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, Guadalcanal sì fà á ní ìyára kí bátìrì lè gba iná. Lẹ́yìn náà wọ́n fi iná bátìrì ọkọ̀ náà tan ẹ̀rọ ọkọ̀ náà, wọ́n fa omi dànù, ó sì gbéra sókè. Kò sí epo kan tí wọ́n jó nínú rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibí yìí, mo dìde lórí àga. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, wọ́n wọ Bermuda.

Ṣé ó tọ́ kí Gallery mú un dípò kí ó rì í? Àwọn kan máa ń sọ pé ọjọ́ yẹn ni Amẹ́ríkà rí àṣírí àrokò Jámánì gbà tí wọ́n fi ṣẹ́gun. Èyí kì í ṣe òótọ́ pátápátá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ka àrokò náà ṣáájú, wọ́n sì ti rí ẹ̀rọ àti ìwé gbà láti inú ọkọ̀ mìíràn, bíi U-110 ní 1941 àti U-559 ní 1942. Ohun tí U-505 fi kún un ni ìwé àrokò tí ó bá àkókò náà mu, pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ń bo orúkọ ibi tí ọkọ̀ wà lójú òkun, àti tọ̀pídò tuntun tí ń tọ ariwo lọ. Ó dín wàhálà àwọn tí ń tú àrokò kù, kì í ṣe òun ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ewu rẹ̀ sì tóbi. Bí Jámánì bá gbọ́ pé wọ́n mú ọkọ̀ náà láàyè, wọn yóò yí gbogbo àrokò wọn padà, ọjọ́ méjì péré sì ni ó kù kí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti ẹlẹgbẹ́ wọn gúnlẹ̀ sí Normandy, ní etí òkun Faransé. Wọ́n ní inú bí ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, Ernest King, tóbẹ́ẹ̀ tí ó fi ronú àtigbé Gallery lọ sí ilé ẹjọ́ ológun. Ohun tí ó gba Gallery ni pé nǹkan bí 3,000 atukọ̀ pa ẹnu wọn mọ́. Ẹlòmíràn tún wà tí ó san owó rẹ̀: àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ ní àgọ́ kan ní Ruston, ní Louisiana, wọn kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa rí wọn, wọ́n sì sọ fún àwọn ẹbí wọn ní Jámánì pé wọ́n ti kú. Èyí lòdì sí òfin ogun tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Bí ẹ bá bi mí, n ó ní Gallery ta ayò, ó sì jẹ, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó ta irú ayò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe àfojúsùn ìbọn kí ó sì rì. Ìlú Chicago, tí Gallery ti wá, dá owó, wọ́n sì fà á gba àwọn Adágún Ńlá wá ní 1954. Ó wà níta nínú òjò àti yìnyín fún àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó gbé e wọlé ní 2004.

Ó ku ọ̀rọ̀ bàbá yín. U-505 kò wá sí Èkó láti jà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ abẹ́-omi Jámánì wá, bàbá yín kò sì purọ́. U-69 ni, ọkọ̀ tí ó kéré sí U-505 ṣùgbọ́n tí òun náà ń lo dísẹ̀lì àti bátìrì, Jost Metzler sì ni ọ̀gá rẹ̀. Ní oṣù Èbìbí 1941, kò wá ta tọ̀pídò ní Èkó. Bọ́ǹbù abẹ́ omi ni ó wá dẹ sílẹ̀ bí ẹni dẹ pàkúté, ní Takoradi ní Gold Coast àti ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó. Ẹ ti mọ bí ó ṣe lè ṣe é: ó lo òru, ó rọra sún mọ́ ilẹ̀, ó dẹ pàkúté, ó sì ti jìnnà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Àwọn tí wọ́n dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé iyanrìn kò jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà èbúté yẹn sinmi rí, àti pé láìsí ọkọ̀ tí ń kó iyanrìn nísàlẹ̀ omi nígbà gbogbo, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ akóyanrìn bẹ́ẹ̀, tí ń jẹ́ Robert Hughes, ni ó lọ kan bọ́ǹbù náà níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì rì. Ọjọ́ 4 oṣù Òkúdu 1941 ni, ọdún mẹ́ta géérégé ṣáájú ọjọ́ tí Lukosz dé ihò omi U-505. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun ni bàbá yín gbọ́ ní kékeré. Ní ti U-69, wọ́n rì í ní oṣù Èrèlé 1943, kò sì sí ẹnì kan tí ó yè nínú rẹ̀.